Ẹgbẹ́ kan kéré, èkejì pọ̀ bí eéṣú: ṣé kí n dín wọn kù ni àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Òkè_Fóòmù:

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí torí ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń rí.

Àwa mẹ́fà la jọ máa ń ta géèmù ogun orí tábìlì ní kílọ́ọ̀bù wa, ogun ayé àtijọ́ la sì fẹ́ràn jù. Láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń ṣètò Isandlwana, ogun tí àwọn Zulu bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní Gúúsù Áfíríkà ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1879. Èmi ni mo kun gbogbo ère yẹn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tọ́ àmì sára apata kọ̀ọ̀kan, mo gé fóòmù mo fi ṣe òkè, mo to àwọn àgọ́ funfun sẹ́sẹ̀ òkè náà, mo tiẹ̀ fi òwú ṣe okùn tí àwọn màlúù fi ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Mo ní kí ère kan dúró fún èèyàn 50. Àwọn Zulu tó wá lọ́jọ́ náà tó bíi 20,000, àwọn tó wà ní bùdó Gẹ̀ẹ́sì ò sì ju bíi 1,800 lọ, torí náà ère 400 ló wà lápá kan, 36 lápá kejì.

Ọ̀rẹ́ mi tó mú Gẹ̀ẹ́sì ṣe dáadáa ní ráúndì méjì àkọ́kọ́, ìbọn ń dún, Zulu ń ṣubú, gbogbo wa ń pariwo. Nígbà tó máa fi di ráúndì kẹrin, ìwo ọ̀tún, ìyẹn apá ogun Zulu tó ń yí ọ̀tá ká lọ́wọ́ ọ̀tún, ti gba ẹ̀yìn òkè yọ, ìwo òsì ti kọjá kòtò àgbàrá tó wà níwájú bùdó, kò sọ́nà mọ́. Ó rọra kó dáìsì rẹ̀ jọ, ó gbé tépù tá a fi ń wọn ìrìn ère sílẹ̀, ó ní "ṣé kí n lè wá kú lo ṣe pè mí?" ló bá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn títí a fi ṣe tán. Kì í ṣe ẹni tó máa ń tètè bínú o, òun gan-an ló kọ́ mi ní géèmù yìí, ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ náà fi dùn mí wọnú eegun. Èyí tó tún wá yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó mú Zulu pàápàá ò láyọ̀, ó ní òun ò mọ nǹkan tí òun borí, òun kàn ń ti ère síwájú títí ọwọ́ fi ń ro òun ni.

Àwọn mẹ́ta nínú wa ní kí n gé Zulu kù sí 120 kí ó lè di ọgbọọgba. Lójú tèmi, tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Isandlwana mọ́, ó ti di ogun kan ṣáá tí wọ́n fi aṣọ pupa jà. Bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi tún lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́ láé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ta irú ogun báyìí tipẹ́, kí lẹ máa ń ṣe?

Ìyá_Dáìsì:

Àbúrò, o kú iṣẹ́, o kú làálàá. Má gé ẹyọ ère kan kù, mo bẹ̀ ọ́. Iye ère kọ́ ni ìṣòro ẹ, ohun tí ẹ pè ní ìborí ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ja ogun yẹn, bùdó bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó kú lápá tiwọn sì ju 1,300 lọ. Tó o bá wá ní àfi kí ọ̀rẹ́ ẹ fi ère 36 gba bùdó sílẹ̀ kó tó lè borí, o ti dájọ́ ikú fún un kó tó mú dáìsì. Ohun tó yẹ kó o bi í ni pé: ṣé ó lè ṣe ju Pulleine lọ? Pulleine ni Chelmsford, olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì, fi sílẹ̀ pé kó máa ṣọ́ bùdó, ó sì kú síbẹ̀. Òun ni kí ọ̀rẹ́ ẹ máa bá díje, kì í ṣe ẹni tó jókòó sí òdìkejì tábìlì.

Bá a ṣe ń ṣe é níbi tiwa nìyí. Ráúndì kọ̀ọ̀kan tí ẹyọ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ṣì dúró láàárín àgọ́, póìǹtì kan. Ère tó bá ráyè sá jáde dé etí odò Mzinyathi, póìǹtì mẹ́ta. Ìbọn ńlá méjì wà ní bùdó, tí wọ́n bá gbé ọ̀kan jáde láàyè, póìǹtì márùn-ún. Tó bá pé 12, Gẹ̀ẹ́sì borí, kódà kí gbogbo wọn ti kú tán. Lápá Zulu, a máa ń kọ iye ère tí wọ́n lè pàdánù sílẹ̀, tó bá ti lé, Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ póìǹtì lórí ẹ̀, torí ogun yẹn ná Cetshwayo, ọba Zulu, náà lówó ẹ̀jẹ̀, àwọn èèyàn tiẹ̀ tó kú ju 1,000 lọ.

Mo rántí alẹ́ kan tó jẹ́ pé ère mẹ́ta péré ló kù sí mi lọ́wọ́, mo há wọn sáàárín kẹ̀kẹ́ ẹrù méjì, Zulu ti yí mi ká débi pé ẹ ò lè fi ìka sáàárín wọn. Márùn-ún tàbí mẹ́fà nìkan ló lè mú mi rí ráúndì kẹsàn-án. Àwọn tó ń ta nǹkan mìíràn lórí tábìlì kejì pa tiwọn tì, wọ́n wá yí wa ká. Mo ju dáìsì, ó yí, ó yí, ó fẹ̀gbẹ́ ti àgọ́ kan, ó dúró sórí márùn-ún. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, wọn ò pa irú ẹ̀ fún mi rí nígbà tí mo borí ogun ọgbọọgba.

Rẹfirí_Àgbà:

Ìyá Dáìsì ti sọ̀rọ̀, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, àìdọ́gba tó wà nínú ogun kì í ṣe ti iye èèyàn nìkan, ti ìmọ̀ náà wà níbẹ̀, òun ló sì máa ń ba géèmù jẹ́ jù. Gbogbo wa la ti mọ bí Isandlwana ṣe parí. Ẹnikẹ́ni tó bá mú Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ní ráúndì àkọ́kọ́ ló máa kó kẹ̀kẹ́ ẹrù jọ yí bùdó ká bí ọgbà, ó sì máa kó àwọn oníbọn ẹ̀ mọ́ra, nígbà tó jẹ́ pé lọ́jọ́ ogun gan-an wọn ò wa kòtò, wọn ò kó kẹ̀kẹ́ yí bùdó ká, Chelmsford sì ti kó bí ìdajì àwọn ọmọ ogun jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń wá àwọn Zulu kiri níbi tí wọn ò sí. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sínú àfonífojì Ngwebeni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, títí àwọn ẹlẹ́ṣin díẹ̀ fi ṣèèṣì ká wọn mọ́bẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, gbé gbogbo Gẹ̀ẹ́sì sí ibi tí wọ́n wà lóòótọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìlà wọn gùn, àlàfo wà láàárín wọn, kó jẹ́ pé láti ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Èkejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù, má sọ orúkọ ogun náà fún wọn rárá. Yí máàpù padà, sọ òkè ní orúkọ mìíràn, wọ aṣọ mìíràn fún àwọn ère, kí rẹfirí nìkan mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àṣà tuntun o, láti 1824 tí Reisswitz ti gbé Kriegsspiel, géèmù ogun ẹ̀, fún àwọn ọ̀gá ológun Prussia ni rẹfirí ti wà láàárín, òun ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ apá méjèèjì, òun ló sì ń sọ ohun tí ojú ẹni kọ̀ọ̀kan lè rí fún un.

Èmi ti fi Adwa, ogun tí àwọn Ítálì bá àwọn ará Ethiopia jà, ṣe é rí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1896, àwọn Ítálì ò tó 18,000, ogun Menelik, ọba Ethiopia, tó bíi 100,000. Baratieri, olórí ogun Ítálì, pín àwọn èèyàn ẹ̀ sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lóru, máàpù tí wọ́n fún Albertone, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá abẹ́ ẹ̀, ò sì tọ̀nà, orúkọ òkè kan ló dà á rú, ló bá rìn kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ó dá nìkan bọ́ sáàárín àwọn ará Ethiopia. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ta ìyẹn tí ẹni tó mú Albertone bá ti mọ̀ pé máàpù òun ò dáa? Mo ya máàpù méjì. Máàpù tí mo fún ẹni tó mú Albertone, mo sún òkè kan síbi tí kì í ṣe ibi ẹ̀, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ó ń rìn lọ pẹ̀lú ìgboyà, ó ń bi mí pé "ṣé mo ti débẹ̀?", mo ní ó kù díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lórí tábìlì, tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ogun Menelik sí iwájú ẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ó ní "áà, báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀ sí wọn." Ó pàdánù gbogbo èèyàn ẹ̀. Títí dòní ó ṣì ń sọ ìtàn alẹ́ yẹn.

Tọ́lá_Aláwọ̀Púpọ̀:

Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ èyí délẹ̀. Pé kéèyàn fi ogun pamọ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ dára tí ọ̀rẹ́ yẹn bá fẹ́ràn irú ẹ̀. Èmi tí mo máa ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, alẹ́ kan péré ni mo ní lọ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fi wákàtí mẹ́ta inú ẹ̀ fà mí lọ sínú ogun tí ẹ ti mọ̀ pé mi ò lè rí nǹkan kan ṣe níbẹ̀, láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀, inú mi ò ní dùn, mo sì lè má padà wá. Lójú tèmi nǹkan tó bí ọ̀rẹ́ Òkè Fóòmù nínú kọ́ ni pé ó pàdánù, pé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ sọ fún un lójú ẹ̀, "wò ó, apá yìí ò ní gba bùdó sílẹ̀, ta ló fẹ́ ẹ?" Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ á jà á tọkàntọkàn.

Àti pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ dúró sí Isandlwana nìkan? Ọjọ́ kan náà ni ogun Rorke's Drift, ọgbà kékeré kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lódì kejì odò, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Àwọn Zulu tó wà lẹ́yìn tí wọn ò rójú ogun ní Isandlwana ni Dabulamanzi, ọ̀gá wọn, kó sọdá odò, bẹ́ẹ̀ Cetshwayo ti ní kí wọ́n má sọdá sí Natal, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tó 3,000 sí 4,000, àwọn tó wà nínú ọgbà náà sì jẹ́ bíi 150, òmíràn nínú wọn ń ṣàìsàn lórí ibùsùn. Àpò àgbàdo àti àpótí bisikíìtì ni wọ́n fi mọ odi, nígbà tí odi yẹn wá gùn jù fún wọn, wọ́n fi àpótí bisikíìtì dá a sí méjì, wọ́n sún sẹ́yìn, ilé ìwòsàn ń jóná lẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀. 17 ló kú nínú wọn, òkú Zulu tí wọ́n kà yí ọgbà náà ká jẹ́ 351. Ibí ni àwọn tó kéré ti yè é. Ẹ ta méjèèjì tẹ̀léra wọn, kí ẹni tó mú Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana di Dabulamanzi ní ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó máa wà lápá tó ń kú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ère tó wà lọ́wọ́ ẹ náà tó o, tí ère kan bá dúró fún èèyàn mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì 15, Zulu 350.

Òkè_Fóòmù:

Mo dúpẹ́ gan-an. Òótọ́ ni Tọ́lá sọ, mi ò sọ fún un. Mo rò pé ó mọ̀ ni, torí èmi ti ń ka nípa ẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, ó wá dà bíi pé gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹni tó mú Zulu ńkọ́, kí ló máa ṣe tí kò fi ní sú u? Èkejì, mo máa ń gbọ́ pé ọta ló tán lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé wọn ò rí àpótí ọta ṣí torí ìdè irin tó wà lára ẹ̀. Ṣé kí n fi í sínú òfin, kó jẹ́ pé láti ráúndì kẹta ìbọn wọn ò ní lágbára mọ́?

Ìyá_Dáìsì:

Rárá, má fi í sí i bẹ́ẹ̀. Ìtàn àpótí ọta yẹn ti di nǹkan tí gbogbo èèyàn ń tún sọ, àmọ́ kì í ṣe òun ló pa wọ́n. Ìlà wọn ló gùn jù, wọ́n jìnnà sí bùdó jù, wọn ò sì pọ̀ tó láti dí àlàfo. Ọ̀dọ̀ Durnford, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ọta ti tán lóòótọ́, torí òun àti àwọn ẹlẹ́ṣin ẹ̀ wà nínú kòtò àgbàrá lápá ọ̀tún lọ́hùn-ún, ọta tiwọn ò sí nítòsí. Ìgbà tí wọ́n sì kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nítorí náà àwọn Durnford nìkan ni kó o máa ka ọta fún. Fi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà ti ère wọn, ìgbà tí wọ́n bá yìnbọn kó o mú ọ̀kan kúrò. Wàá rí i, ojú gbogbo èèyàn á wà lára ìlẹ̀kẹ̀ yẹn.

Ìwo_Òsì:

Jẹ́ kí n dáhùn ti Zulu, torí òun ni mo máa ń mú, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo mú ère 400. Ìwà ìkà nìyẹn, ọwọ́ á kàn máa ro ó lóòótọ́. Ẹ jẹ́ mẹ́fà, ẹ ní èèyàn tó. Ẹnì kan mú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ṣe rẹfirí, ẹnì kan máa darí Durnford, àwọn mẹ́ta tó kù pín Zulu. Ogun wọn fúnra ẹ̀ ti pín ara ẹ̀ bí ara akọ màlúù: àyà máa ń kọjú sí ọ̀tá, ìwo méjèèjì á yí i ká, ìbàdí á dúró lẹ́yìn. Fún ẹnì kan ní àyà, ẹnì kan ìwo ọ̀tún, ẹnì kan ìwo òsì. Ìbàdí ò ní wọlé, àwọn yẹn ló máa lọ sí Rorke's Drift.

Ibi tó wá dùn sí ni pé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Zulu, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ni wọ́n, wọ́n sì máa ń bára wọn díje gidigidi. Kí ogun yẹn tó bẹ̀rẹ̀, iwájú ọba ni àwọn iNgobamakhosi àti uKhandempemvu ti ń pera wọn níjà pé ta ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá. uMbonambi ló wá ní àwọn làwọn kọ́kọ́ wọ bùdó. Torí náà àwa máa ń fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan àgọ́ ní póìǹtì mẹ́wàá tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí géèmù yẹn ṣe máa yí padà. Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ń pa ẹni tó bá yára jù, ẹni tó bá sì rọra ń bọ̀, ẹlòmíràn á gba iyì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti dojúbolẹ̀ nínú koríko rí fún ráúndì méjì, mò ń wo ọ̀rẹ́ mi tó mú àyà bó ṣe ń kú, mò ń rò ó nínú mi pé tí n bá dìde báyìí èmi ni wọ́n máa yìnbọn fún, tí n ò bá sì dìde òun ló máa wọlé. Ìrònú gidi nìyẹn, kò sí títi ère síwájú níbẹ̀. Àwọn apata tó o fara balẹ̀ kùn yẹn náà á wá wúlò, torí àwọ̀ apata la fi ń dá ẹgbẹ́ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Òkè_Fóòmù:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀, a ta á lánàá.

Mo kọ́kọ́ lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un: bùdó máa bọ́, Pulleine ni wàá bá díje, 12 ni wàá wá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n gbé máàpù wá kóun wò ó. Òun fúnra ẹ̀ ló tún ní òun fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo to ìlà wọn síbi tí Rẹfirí Àgbà ní kí n tò ó sí. Ọ̀rẹ́ mi lo ráúndì méjì àkọ́kọ́ láti fi kó àwọn èèyàn ẹ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fi tépù wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ìlẹ̀kẹ̀ Durnford tán ní ráúndì kẹrin, ẹni tó mú un gbé ìlẹ̀kẹ̀ tó kẹ́yìn sókè kí gbogbo wa lè rí i, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lápá Zulu, iNgobamakhosi sáré jù, ó fi ojú ọ̀nà fún ìbọn, ère 40 ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. uMbonambi ló kọ́kọ́ kan àgọ́, ẹni tó mú un fò sókè débi tí àga ẹ̀ fi ṣubú, àwọn Zulu méjì tó kù ń bínú sí i bíi pé ọ̀tá ni.

Ọ̀rẹ́ mi dúró láàárín àgọ́ títí di ráúndì kẹjọ. Ère kan péré ló dé odò. Mẹ́jọ àti mẹ́ta, 11. Póìǹtì kan ló kù tí ì bá fi borí, ìyẹn ìbọn ńlá kan tó ti gbé dé ẹnu ọ̀nà kí ìwo ọ̀tún tó dí i mọ́ ọn. Ó dúró ti tábìlì, ó ń fìka tọ ọ̀nà tó yẹ kó gbà, ó ní ká ní òun ti gbé ìbọn yẹn ní ráúndì kẹta ni, ẹni tó mú ìwo ọ̀tún ní irọ́ ni, ibẹ̀ náà ni òun ì bá ká a mọ́, wọ́n ṣì ń fà á títí wọ́n fi fẹ́ ti kílọ́ọ̀bù mọ́ wa.

Rorke's Drift ló kàn, òun sì ni Dabulamanzi. Ó ti kó àwọn páálí tó kù sí mi lọ́wọ́ lọ sílé, ó ní òun lòun máa gé àpótí bisikíìtì, kí n má dà á láàmú, kí n lọ wá nǹkan tá a máa fi rán àpò àgbàdo.